Ipò Omele: Píánò Nínú Orin Ijó Kúbà àti Ẹ̀kọ́ tí Ó Kọ́ Wa Nípa Lítíréṣọ̀ Alohùn Yewa

Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ kan ti di àkọ́sórí láàárín àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá, pé orin ijó Kúbà, tiwa ni. Pé òkun ni ó gbé e lọ, àwo orin ni ó sì gbé e padà wá. Ní ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaròó títí dé Ayétòrò àti Ìmẹ̀kọ, ọ̀rọ̀ yìí a tún máa dùn ún sọ ju ti ibòmíràn lọ, nítorí pé ẹnu ibodè ni ibẹ̀, ará ibodè sì mọ̀ pé ohun tí ó kọjá lánàá lè padà wá lónìí pẹ̀lú orúkọ mìíràn.

Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ káàtó. Bí orin náà bá jẹ́ tiwa gẹ́gẹ́ bí aṣọ ti jẹ́ ti ẹni tí ó rà á, kí ni ó dé tí ọmọ Yewa tí ó dàgbà sí ẹ̀bá ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí ó sì ti mọ dùùrù tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, fi ń kọsẹ̀ nígbà tí ó bá jókòó sí ìdí píánò láti lu orin ijó Kúbà? Etí rẹ̀ dá orin náà mọ̀, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ó mọ ohùn tí yóò tẹ̀. Kò mọ ìgbà tí yóò tẹ̀ ẹ́.

Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé nínú ẹgbẹ́ olórin ijó Kúbà, ipò omele ni píánò wà, kì í ṣe ipò ìyáàlù. Ẹni tí ó bá mọ ipò náà yóò rí ọ̀nà kọ́ ọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí ń gbe orin ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí bí ẹni tí ń fi ìlù ki oríkì. Ọ̀ràn náà kò sì pin sí ọ̀dọ̀ olórin. Ó kan olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ alohùn pẹ̀lú, nítorí pé àṣìṣe tí ọmọ náà ń ṣe ní ìdí píánò ni ọ̀pọ̀ ń ṣe nínú ìwé ìdánwò nígbà tí wọ́n bá ń ṣe àtúpalẹ̀ Ẹ̀fẹ̀ àti Bọ̀lọ̀jọ̀.

Ọ̀nà tí Orin Gbà Lọ àti Ọ̀nà tí Ó Gbà Bọ̀

Ilẹ̀ Yewa, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ẹ̀gbádò títí di 1995, wà lójú ọ̀nà òwò láàárín Ọ̀yọ́ àti etí òkun. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ń gbà lọ sí Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì; nígbà tí ènìyàn sì di ọjà, ibẹ̀ ni a ń mú ẹrú gbà kọjá. Lẹ́yìn tí agbára Ọ̀yọ́ wó, ogun abẹ́lé àti ogun Dàhọ̀mì sọ ọ̀pọ̀ ará Ẹ̀gbádò fúnra wọn di ẹrú. Kúbà wà lára ibi tí a kó wọn lọ. Òwò ẹrú lórí òkun sí erékùṣù náà kò dáwọ́ dúró títí ó fi kù díẹ̀ kí ó di 1870, a kò sì fi òpin sí ẹrú níní níbẹ̀ títí di 1886. Lukumí ni orúkọ àpapọ̀ tí a ń pe àwọn Yorùbá ní Kúbà. Lára àwọn orúkọ ẹ̀yà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni Egguado, tí etí Yorùbá kò lè ṣàì dá mọ̀.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pàápàá bá wọn dé ibẹ̀. Ní Regla, ìlú tí ó wà ní òdìkejì èbúté sí Havana, a rí i kà pé a ti gbé agbárí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde rí, àti pé Josefa Herrera, ọmọ babaláwo tí a mọ̀ sí Adechina, ni aṣáájú rẹ̀. Ó kú ní 1947, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Regla sì bá a wọ káà ilẹ̀. Ní tiwa níhìn-ín, ó wà láàyè títí di òní: ní 2001 ni àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun ogún pàtàkì tí ó jẹ́ ti Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò lápapọ̀.

Yewa náà rin ìrìn-àjò yìí. Ní ilẹ̀ wa, odò ni Yewa, òrìṣà odò sì ni. Ní Kúbà, Yewá di òrìṣà tí a mọ̀ mọ ibojì. Orúkọ kò yẹ̀, ṣùgbọ́n ipò yí padà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ di àpẹẹrẹ yìí mú dáadáa, nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí òrìṣà náà ni ó ṣẹlẹ̀ sí ìlù: ohun tí a gbé kọjá òkun dé, kò sì sọnù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń ṣe ní òdìkejì kì í ṣe ọ̀kan náà mọ́. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ.

Ọ̀nà tí ó gbà bọ̀ kò ṣòro láti tọ̀. Ní 1933, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe àwo orin HMV bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọ̀wọ́ àwo kan tí àmì rẹ̀ ń jẹ́ GV ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Orin Kúbà ni ó pọ̀ nínú rẹ̀, El Manisero tí ẹgbẹ́ Don Azpiazu kọ sì ni ó ṣáájú. Láti ìgbà náà ni etí àwọn olórin Èkó ti ń fà sí ọ̀hún, tí ìlù àfọwọ́lù bí irú ti Kúbà fi wọ inú jùjú, tí wọ́n ń pè é ní àkúbà. Ibodè tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pa ní 1889, tí ó fi Ìlaròó sí apá kan tí ó sì fi Kétu sí apá kejì, kò dí orin lọ́nà. Ní òdìkejì rẹ̀, ní Kútọnu, Gnonnas Pedro, tí ó kú ní 2004, kọ orin ijó Kúbà ní èdè Yorùbá, Feso Jaiye sì wà lára èyí tí a fi mọ̀ ọ́n jù. Nítorí náà ọmọ Yewa kò ní láti lọ sí Havana kí ó tó gbọ́ orin náà. Gbígbọ́ kọ́ ni ìṣòro.

Ẹni tí Ń Sọ̀rọ̀ àti Ẹni tí Ń Dúró

Nínú ẹgbẹ́ onílù Yorùbá, iṣẹ́ pín sí méjì. Ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀. Ó ń ki ènìyàn, ó ń pòwe, ó ń bú ẹni tí ó tọ́ sí èébú, ó sì ń pàṣẹ fún oníjó. Nínú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ohun tí ìyáàlù bá wí ni aro ẹsẹ̀ oníjó gbọ́dọ̀ tún wí. Bí ẹsẹ̀ bá ṣáájú ìlù tàbí tí ó gbẹ́yìn, àwọn ìyá tí ó wà ní àgbo yóò mọ̀ pé oníjó náà kò ì tíì gbó. Omele ní tirẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ tí ó gùn. Ohun kan náà ni ó ń wí láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, bí ẹni ń rọ́ àgbàdo lórí ọlọ. Kò sí ẹni tí ń ná omele lówó, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ń béèrè ohun tí ó wí. Ṣùgbọ́n bí ó bá dákẹ́, ìyáàlù kò ní ilẹ̀ tí yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

Ìdí nìyí tí onílù kì í fi gbé ìyáàlù lé ọmọdé lọ́wọ́. Omele ni yóò kọ́kọ́ lù, ọdún yóò sì gorí ọdún kí a tó fún un ní ìyá. Àwọn tí kò mọ ìdí rò pé nítorí pé omele rọrùn ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì dúró kò lè rìn ni.

Bí a bá wo bàtá ní Kúbà, a ó rí i pé ìpín yìí wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì fi í hàn. Ìlù mẹ́ta ni wọ́n ń lù pọ̀: iyá, itótele àti okónkolo. Iyá kò nílò àlàyé. Ìtótẹ̀lé ni ẹni tí ó tẹ̀ lé e. Okónkolo, tí ó kéré jù, ń dún bí orúkọ ara rẹ̀. Ìyàtọ̀ wà, síbẹ̀. Onílù bàtá ní ilẹ̀ wa a máa fi ọwọ́ kan lu ojú ńlá, a sì máa fi bílálà lu ojú kékeré. Ti Kúbà, ọwọ́ méjèèjì lásán ni. Ìyàtọ̀ tí ó ju èyí lọ ni ti èdè. Ìlù wa ń sọ̀rọ̀ nítorí pé èdè wa ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, tí olùkọ́ fi ń kọ́ ọmọ ní dò, rè, mí. Èdè Sípéènì tí a ń sọ ní Kúbà kò ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Lukumí di èdè orin àti àdúrà nìkan, tí a kò sọ ọ́ nínú ilé mọ́, ọ̀rọ̀ tí iyá ń sọ di ohun tí ọwọ́ rántí tí etí kò túmọ̀ mọ́. Èyí tí kò nílò ìtumọ̀ ni kò sọnù rárá: ohun tí omele ń ṣe.

Olórí ohun tí ó ṣẹ́kù bẹ́ẹ̀ ni ìsọwọ́lù tí a ń pè ní kónkóló, tí agogo tàbí àtẹ́wọ́ sábà máa ń gbé ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní Kúbà, igi líle méjì tí a ń kàn mọ́ra ni ó ń gbé irú rẹ̀. Clave ni wọ́n ń pe àwọn igi náà, clave náà ni wọ́n sì ń pe ìsọwọ́lù ọ̀hún. Bí olùkọ́ bá kọ 1 títí dé 16 sí ojú pátákó, tí ó fa ilà sábẹ́ 1, 4, 7, 11 àti 13, ó ti kọ ọ́ nìyẹn. Mẹ́ta bọ́ sí ìdajì kìíní, méjì bọ́ sí ìdajì kejì. Bí orin bá sì fi ìdajì kejì ṣáájú, ilà yóò wà lábẹ́ 3, 5, 9, 12 àti 15. Orin kan kì í fi ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ kí ó sì ṣàdédé fi èkejì parí. Ẹni tí ó bá yí i padà láìnídìí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò wò ó bí ẹni tí ó wọ bàtà òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Bí Píánò ṣe Di Omele

Píánò kò bá ẹrú wọ Kúbà. Ilé àwọn olówó ni ó kọ́kọ́ wà, kí ó tó wọ inú ẹgbẹ́ tí ń lu danzón, ijó àwọn ọlọ́lá. Antonio María Romeu wà lára àwọn tí ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún. Orin àwọn mẹ̀kúnnù ìlà-oòrùn erékùṣù náà, tí a ń pè ní son, kò ní píánò rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Gìtá kékeré kan tí a ń pè ní tres ni ó ń tún ohun kan náà wí lábẹ́ orin, tí ó ń ṣe omele fún àwọn akọrin.

Ní nǹkan bí 1940 ni Arsenio Rodríguez, afọ́jú tí ó mọ tres lù ju ọ̀pọ̀ lọ, fi píánò, ìlù àfọwọ́lù ńlá àti fèrè tí ó ju ẹyọ kan lọ kún ẹgbẹ́ rẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, Rubén González, àti lẹ́yìn rẹ̀ Lilí Martínez, ni ó jókòó sí ìdí píánò náà. Ohun tí tres ń wí ni wọ́n gbé sí orí àwọn igi funfun àti dúdú tí ìka ń tẹ̀, tí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì ń sọ ohun kan náà pọ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn píánò ijó Kúbà, ibí yìí ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀: kì í ṣe pé píánò wá jọba lórí tres, tres ni ó fi iṣẹ́ rẹ̀ lé píánò lọ́wọ́.

Ìsọwọ́lù píánò kan tí ó wọ́pọ̀ nìyí, fún orin tí ó fi méjì ṣáájú mẹ́ta: 1, 3, 4, 6, 8, 10, 12, 14 àti 16. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀ ní 1, 5, 9 àti 13, kí ó sì wò ó. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́rìndínlógún ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ pàdé, ní 1. Láti 4 lọ títí dé òpin, àárín ẹsẹ̀ ni ọwọ́ ń bọ́ sí. Ó pàdé kónkóló lẹ́ẹ̀mejì, ní 3 àti ní 12, bí àwọn aládùúgbò tí wọ́n ń kí ara wọn lójú ọ̀nà tí oníkálukú sì ń bá tirẹ̀ lọ. Gìtá ìsàlẹ̀, tí ohùn rẹ̀ wúwo, a máa dún ní 4, 7, 12 àti 15. Kì í lu 1 rárá, ohùn tí ó bá sì lù ní 7 tàbí 15 jẹ́ ti ohun tí ń bọ̀, kì í ṣe ti ohun tí ó wà nílẹ̀.

Ó hàn gbangba nígbà náà pé kò sí ẹnì kankan nínú ẹgbẹ́ yìí tí ó ń dá sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Oníkálukú di ààyè tí ẹlòmíràn fi sílẹ̀. Ijó wà nínú àlàfo tí ó wà láàárín wọn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

Àṣìṣe Méjì tí Akẹ́kọ̀ọ́ Yóò Ṣọ́ra Fún

Àṣìṣe kìíní ti ọ̀dọ̀ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wá. Ẹni tí ń fi dùùrù gbe orin ìyìn mọ̀ pé iṣẹ́ òun ni láti kó ìjọ jọ. Nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ ń bọ́ sí ibi tí ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn ń bọ́ sí. Ìwà rere ni èyí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú orin ijó Kúbà, ó ń pa ijó. Bí píánò bá lu 1, 5, 9 àti 13, ó ti gba ilẹ̀ mọ́ oníjó lẹ́sẹ̀.

Àṣìṣe kejì ti ọ̀dọ̀ ìyáàlù wá, ọmọ tí ó fẹ́ràn àṣà ni ó sì ń ṣe é jù. Ó ti gbọ́ pé orin náà tiwa ni, ó sì mọ̀ pé ìlù tiwa ń sọ̀rọ̀; nítorí náà ó fẹ́ kí píánò sọ̀rọ̀. Ó ń wá dò, rè, mí tí yóò fi ki baba rẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe lè dára ní ààyè ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe orin ijó Kúbà. Ó ti kúrò ní ipò omele, kò sì sí ẹni tí ó wà níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà tí ó tọ́ kò lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n ó dájú. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ 1, 5, 9 àti 13, kí ó fi àtẹ́wọ́ lu kónkóló, kí ó sì máa sọ̀rọ̀ lẹ́nu títí ọ̀rọ̀ kò fi ní da ọwọ́ rú mọ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹlòmíràn gba kónkóló, kí òun lu ìsọwọ́lù píánò lórí tábìlì lásán, láìsí ohùn kankan. Ẹ̀yìn èyí ni yóò tó jókòó sí ìdí píánò, ohùn ẹyọ kan ni yóò sì fi bẹ̀rẹ̀. Bí èyí bá ti wọ̀ ọ́ lára, kí ó wá fi àkójọ ohùn dò, fà àti sò sí i, ọwọ́ kan, lẹ́yìn náà ọwọ́ méjèèjì. Ẹni tí ó bá fo ìpele kan, ìpele náà yóò dúró dè é níwájú. Kò sì sí èyí tí ó yàtọ̀ nínú gbogbo rẹ̀ sí bí ọmọ onílù ṣe ń kọ́ omele lẹ́gbẹ̀ẹ́ baba rẹ̀.

Àtakò kan àti Ìdáhùn Rẹ̀

Ẹnì kan lè takò pé píánò ń sọ̀rọ̀. Ṣé Rubén González, tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nígbà tí a gba orin rẹ̀ sílẹ̀ ní Havana ní 1996, kò fi píánò dárà títí ayé fi yà á sí? Ṣé Akin Euba, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Èkó ní 1935, tí ó kọ Scenes from Traditional Life fún píánò ní 1970, kò fi hàn pé ohun èlò yìí lè jẹ́ ìbátan àwọn ohun tí a ń lù ní ilẹ̀ Áfíríkà?

Òtítọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́tí sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ González nígbà tí ó bá ń dárà. Gìtá ìsàlẹ̀ dúró, ìlù dúró, kónkóló wà níbẹ̀, bí a kò tilẹ̀ gbọ́ igi rẹ̀. Ó kúrò ní ipò omele nítorí pé àwọn omele mìíràn gbà á láàyè, ó sì padà síbẹ̀ kí orin tó parí. Bí oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe ń bọ́ síwájú tí ó sì ń padà sẹ́yìn nìyẹn. Ní ti Euba, orin tí ènìyàn ń jókòó gbọ́ ni ó kọ, kì í ṣe orin tí ènìyàn ń dìde jó. Ó sì jẹ́ ẹni tí ó lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ẹ̀kọ́ dùndún kí ó tó tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde lórí rẹ̀ ní 1990. Kò fo omele. Àtakò náà kò bi èrò àpilẹ̀kọ yìí wó. Ó ń fi hàn pé ẹni tí ó bá ti kọ́ bí a ṣe ń dúró ni ó lè lọ kí ó sì bọ̀.

Ohun tí Ó Kan Lítíréṣọ̀ Alohùn

Apá kan wà nínú orin son tí a ń pè ní montuno. Níbẹ̀ ni akọrin kan ti ń lé orin, tí ó ń fi ọ̀rọ̀ titun kún un bí ó ti ń wá sí i lọ́kàn, tí àwọn yòókù sì ń gbe ègbè kan náà láìyí padà. Abẹ́ ègbè yìí gan-an ni píánò ti ń lu ìsọwọ́lù tí a ṣàlàyé. Olùkọ́ tí ó bá gbọ́ èyí kò ní ṣàì rántí lílé àti ègbè, tí ó jẹ́ ọ̀pá ìdúró orin Yorùbá.

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ náà wà fún ẹni tí ń múra ìdánwò. Bí a bá gbé orin Ẹ̀fẹ̀ tàbí Bọ̀lọ̀jọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó ṣe àtúpalẹ̀ rẹ̀, yóò wá òwe, àfiwé, ìfohunpènìyàn àti àwítúnwí. Nígbà tí ó bá dé orí àwítúnwí, gbólóhùn kan ni ó sábà máa ń kọ: pé akéwì tún un wí láti tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbólóhùn yìí ti sú àwọn tí ń máàkì ìwé, nítorí pé ó jẹ́ òtítọ́ nígbà mìíràn, kò sì jẹ́ òtítọ́ nígbà púpọ̀. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ tí ó jáde ní òru, tí ó tún orúkọ ẹni tí ó hùwà ìbàjẹ́ pè lẹ́ẹ̀mẹta, ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn ará àgbo tí ń gbe ègbè kan náà lẹ́yìn rẹ̀ láti òru di àfẹ̀mọ́júmọ́ kò tẹnu mọ́ ohunkóhun. Omele ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ń tẹ́ ilẹ̀ tí Ẹ̀fẹ̀ yóò dúró lé bú ìkà, tí yóò fi súre fún ìlú, tí yóò sì rí àyè ronú ohun tí ó kàn.

Ìbéèrè mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ lè fi mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ta ni ó ń tún un wí, ẹni tí ń lé ni tàbí àwọn tí ń gbè? Ṣé ó ń bọ́ sí ibi kan náà nígbà gbogbo, tàbí ó ń bọ́ sí ibi tí ọ̀rọ̀ bá gbóná? Bí a bá yọ ọ́ kúrò, kí ni yóò ṣubú, ìtumọ̀ ni tàbí ijó? Bí ìtumọ̀ ni yóò ṣubú, àwítúnwí ìtẹnumọ́ ni. Bí ijó ni, àwítúnwí ìdúró ni, ó sì yẹ kí a sọ bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè ṣe ìyàtọ̀ yìí ti kúrò ní ẹni tí ń to orúkọ ọnà èdè lẹ́sẹẹsẹ. Ó ti di ẹni tí ń gbọ́ orin.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì nítorí pé ìwé ni a fi ń kọ́ lítíréṣọ̀ alohùn ní ilé-ẹ̀kọ́. Lílé a máa wọ inú ìwé, nítorí pé ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Ègbè a máa di àmì kékeré kan lẹ́bàá ojú ìwé. Omele kì í wọ ibẹ̀ rárá. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn tí ń ka ìwé yóò pọ̀ ju àwọn tí ó dé àgbo lọ, wọn yóò sì rò pé ohun tí wọ́n kà ni Ẹ̀fẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Regla lẹ́yìn 1947 lè ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀ pẹ̀lú, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé agbárí sọnù: agbárí yóò wà, ọ̀rọ̀ yóò wà nínú ìwé, kò sì ní sí ọmọ tí ó fẹ́ lu omele.

Àgbálọgbábọ̀

Orin ijó Kúbà jẹ́ ìbátan wa, ṣùgbọ́n ìbátan kì í ṣe ìní. Ohun tí àwọn tí a kó lọ pa mọ́ jù lọ ni ohun tí àwa tí ó kù nílé kò kà sí: iṣẹ́ omele. Wọ́n gbé e láti ara ìlù sí ara gìtá, láti ara gìtá sí ara píánò, kò sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọmọ Yewa tí ó bá fẹ́ lu píánò náà yóò kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí àlejò ti ń kọ́ ọ, ìpele kan lẹ́yìn èkejì. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó lè fi ìpele kìíní hàn án wà ní ìtòsí, ní ẹ̀gbẹ́ ìyáàlù nínú àgbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, níbi tí ojú ènìyàn kì í dé. Kí olùkọ́ lítíréṣọ̀ mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀ kí ó tó ṣí ìwé fún wọn.